Ọjà Tí Kì Í Tú Kì Í Jẹ́ Kí Ara Sinmi

Mo ti ṣe ìlérí láti sọ̀rọ̀ nípa ikọ́ àwọn ọmọdé lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan tí ó dé bá wa ní dìsípẹ́ńsárì kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ikọ́ yóò dúró dè wá di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, a kò tíì ṣí ilẹ̀kùn tán tí ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ fi wọlé. Ọkùnrin náà kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ó ní àyà òun ń lù kì-kì-kì láti òru, ọwọ́ òun ń gbọ̀n, òun kò sì sun oorun gidi láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ìyàwó ti ń rò ó pé bóyá wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ fún un níbi iṣẹ́. Mo fi ọ̀já ìwọn-ìfúnpá dì í lápá. Bí mo ti ń tẹ rọ́bà rẹ̀ lọ́wọ́ ni fóònù gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ìfúnpá náà jẹ́ 168 lórí 104. Mo gba fóònù náà, mo fi í sínú àpótí tábìlì mi, mo ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo tún un wọ̀n, ó ti wá sí 146 lórí 92. Ó ṣì ga, nítorí a fẹ́ kí ti àgbàlagbà wà lábẹ́ 140 lórí 90, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí fóònù ṣe!

“Kí ni ẹ ń wò níbẹ̀ gan-an?” ni mo bi í.

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, fọ́rẹ́ẹ̀sì ni, mà.”

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, òwò náà ni kí ènìyàn máa ra owó ilẹ̀ òkèèrè kí ó sì tún máa tà á, lórí fóònù, kí ó máa wá èrè lórí bí iye rẹ̀ ti ń gòkè tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe olè jíjà. N kò sì jókòó kọ̀wé láti bú ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́, pàápàá ní àkókò tí owó oṣù kì í dé ìdajì oṣù. Ohun tí ó kàn mí ni ohun tí òwò náà ń ṣe nínú ara.

Ìyá mi ta aṣọ ní Gbági, ní Ìbàdàn, fún ọdún pípẹ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọjà kò tà, oníbàárà a sì máa jẹ gbèsè mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a ti ìsọ̀ rẹ̀, a wá sílé, a jẹun, a sì sùn. Bí iye aṣọ bá já lóru, kò sí ẹni tí yóò wá kan ilẹ̀kùn láti sọ fún un. Ọjà orí fóònù kì í tú ní tirẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ti fọ́rẹ́ẹ̀sì. Ti kírípító kò tilẹ̀ mọ ọjọ́ ìsinmi rárá. Nígbà tí agogo kan òru bá lù ní ilé wa, agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ní Tókíò, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ọjà níbẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ọkùnrin yìí fi ń jí lóru tí ìyàwó rẹ̀ fi rò pé obìnrin kan ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun kékeré kan wà lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan, ó dé e bíi fìlà. Bí ènìyàn bá ṣàdédé rí ejò lójú ọ̀nà oko, àwọn méjèèjì a tú oje sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní adirẹnálínì ni ó ń kọ́kọ́ dé. Kọ́tísọ́ọ̀lù a tẹ̀lé e, òun a sì pẹ́ kí ó tó lọ. Ọkàn a máa sáré, òpó ẹ̀jẹ̀ a fún, ṣúgà a tú sínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sá. Bí ejò bá ti lọ, ara a rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ejò àti ìlà pupa ojú fóònù. Ẹni tí ó bá wò ó ní ìgbà 60 lójúmọ́ ti rí ejò ní ìgbà 60, orí àga ni ó sì jókòó sí, kò sá lọ síbì kankan.

Ní ọdún 2008, John Coates, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe irú òwò yìí rí ní New York, àti Joe Herbert, àwọn méjèèjì ní Yunifásítì Cambridge, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n gba itọ́ àwọn ọkùnrin 17 tí ń ṣe òwò owó ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n rí i pé bí ọjà bá ti ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, kọ́tísọ́ọ̀lù wọn a máa ga sí i. Àìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ni ó ń gbé e ga, kì í ṣe iye owó tí ó sọnù.

Ti inú ọkàn tún wà níbẹ̀. Láti ọdún 1979 ni Daniel Kahneman àti Amos Tversky ti fi hàn pé ìrora òfò máa ń ju adùn èrè tí ó tó o lọ, àwọn onímọ̀ sì sábà máa ń sọ pé ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹni tí ń wò ó ní wákàtí-wákàtí lè jèrè ní òpin ọdún, síbẹ̀ kí ó ti jẹ ìrora òfò lọ́pọ̀ ìgbà kí ọdún tó pé. Ẹni tí òfò bá sì ń dùn kì í fẹ́ lọ sùn. Yóò fẹ́ gba owó rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Owó kékeré ni wọ́n sì fi ń di ẹrù ńlá mú nínú òwò yìí. ₦10,000 lè di ẹrù ₦1,000,000 mú. Bí iye bá yí padà ní ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, ₦10,000 náà ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni bí ó bá tilẹ̀ jèrè, tí ó rí owó oṣù kan láàárín ogún ìṣẹ́jú, iṣẹ́ ọ́fíìsì a di ẹ̀gàn lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ a sì di ariwo.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún un. Ó fi òwe dá mi lóhùn pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ní, “Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àáké tiyín, àyà yín ni.”

Nígbà tí ìyàwó jáde lọ ra omi ni ó tó sọ èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ikùn. Òun ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wọn. Owó ẹgbẹ́ ti wọ inú rẹ̀, ó sì ti lọ. Ó ní ó sàn kí òun má sí láyé mọ́. Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bínú, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi ẹni náà sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó oògùn àti oògùn kòkòrò kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Ó gbà kí n pe ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó sì sọ ọ́ fún un lójú mi. Obìnrin náà sunkún, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe nílé kò ṣòro. Kí fóònù máa sun yàrá mìíràn láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Kí ó pa gbogbo ìró tí ń pè é sídìí ọjà. Bí kò bá lè fi òwò náà sílẹ̀, kí ó máa wò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ní àkókò kan náà, kí ó má fi owó ilé ìwé, owó ilé tàbí owó olówó kàn án. Obì àti kọfí alẹ́ pẹ̀lú, kí ó jù wọ́n sílẹ̀. Ẹ má rò pé ọwọ́ tí ó bá sinmi ni yóò tòṣì: Brad Barber àti Terrance Odean wo ìwé ìṣirò ilé 66,465 ní Amẹ́ríkà, láti 1991 sí 1996, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ń rà tí ń tà jù lọ jèrè ìdá 11.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, nígbà tí ọjà fúnra rẹ̀ mú 17.9 wá.

Bí àyà bá ń dunni bí ẹni tí a gbé òkúta lé, tàbí tí ẹnu bá wọ́ tí apá kan sì rọ, ẹ má dúró wọn ìfúnpá rárá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 138 lórí 88, pẹ̀lú oògùn. Ó ti jẹ́wọ́ fún ẹgbẹ́, wọ́n sì ń yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Mo bi í léèrè fóònù. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ṣí báàgì, tí ó fi í hàn mí.