Shakuhachi, Fèrè Ọparun Tí Kò Bá Olówó Rẹ̀ Kú

Ní ọdún 1871, ìjọba Meiji ní Jàpáàn fòfin tú ìjọ Fuke ká. Ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà ni ìjọ yìí. Fèrè ọparun tí wọ́n ń pè ní shakuhachi ni wọ́n fi ń ṣe àṣàrò, níbi tí àwọn yòókù ti ń jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn nìkan ni òfin fún láyè láti máa fọn ọ́n. Nígbà tí ìjọ tú, ó yẹ kí fèrè náà bá a lọ, àmọ́ kò lọ. Ìdí tí kò fi lọ ni mo fẹ́ rò fún yín, torí mo gbà pé òun náà ni yóò gbé e dé ọ̀la.

Láti Ṣáínà ni fèrè yìí ti wọ Jàpáàn, ní nǹkan bí 1,300 ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn ohun èlò orin ààfin. Mẹ́jọ nínú ti ayé ìgbà yẹn ṣì wà ní Shōsōin, ilé ìṣúra ọba ní Nara, ihò mẹ́fà sì ló wà lára wọn. Nígbà tó yá, àwọn olórin ààfin pa á tì.

Èyí tí a mọ̀ lónìí yàtọ̀. Ihò márùn-ún ló ní, mẹ́rin níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn fún àtàǹpàkò. Ìdí ọparun madake ni wọ́n fi ń ṣe é, tòun ti gbòǹgbò; ìyẹn ló jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Gígùn rẹ̀ tó 54 sẹ̀ǹtímítà. Ẹnu rẹ̀ kò ní ju etí kan tí wọ́n dá ní gẹ̀rẹ́ lọ. Ètè àti ọrùn ẹni tó ń fọn ọ́n ló ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sókè sódò. Àwọn ará Jàpáàn a máa sọ pé ọdún mẹ́ta gbáko ni èèyàn fi ń kọ́ bí a ṣe ń mi orí sí i.

Nígbà tí ogun abẹ́lé rọlẹ̀ lẹ́yìn 1600, ọ̀pọ̀ jagunjagun tí ọ̀gá wọn ti ṣubú kò ríbi forí lé. Púpọ̀ wọn wọ ìjọ Fuke. Wọ́n á dé agbọ̀n tó bo gbogbo ojú, wọ́n á máa fọn fèrè láti ojúlé dé ojúlé gba ọrẹ. Komusō ni orúkọ wọn. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n láwọn rí gbà lọ́dọ̀ ìjọba ní 1614, tó fún wọn láyè láti gba ẹnubodè kọjá. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ayédèrú ni, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ fún wọn pẹ́.

Inú àwọn komusō ni Kurosawa Kinko ti jáde. Ó ń lọ láti tẹ́ḿpìlì dé tẹ́ḿpìlì, ó ń kó orin jọ, títí ó fi to 36 pọ̀. Ó kú ní 1771, ọgọ́rùn-ún ọdún kí òfin 1871 yẹn tó dé. Ìran akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀ lé e mú ẹ̀kọ́ náà yọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú, bí òfin tilẹ̀ kọ̀ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ti ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì, fèrè ti wà níta. Afọnfèrè méjì, Araki Kodō àti Yoshida Itchō, lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó wà bí ohun èlò orin tẹ́nikẹ́ni lè fọn. Ìjọba gbà fún wọn. Ní 1896, Nakao Tozan dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Osaka.

Láti ibẹ̀, ó rìn jìnnà. Ní 1967, Takemitsu Tōru kọ orin *November Steps* fún shakuhachi, biwa (ohun èlò olókùn ilẹ̀ Jàpáàn) àti ẹgbẹ́ olórin ńlá New York. Ní 1977, *Tsuru no Sugomori*, orin kan tí Yamaguchi Gorō fi shakuhachi fọn, bá ọkọ̀ ojú sánmà Voyager kúrò ní ilẹ̀ ayé. Ní 1986, olórin Peter Gabriel fi ohùn shakuhachi bẹ̀rẹ̀ orin *Sledgehammer*, láti inú kíbọ́ọ̀dù.

Ti kíbọ́ọ̀dù yìí ló ń kọ mí lóminú. Èémí kan ṣoṣo ni wọ́n gbà sínú ẹ̀rọ, kò sì ní yí padà títí ayé. Ẹ̀rọ kò lè kọ́ ọmọ bí a ṣe ń mi orí.

Àwọn kan ń bínú sí shakuhachi oníke àti èyí oníhò méje. Èmi ò bá wọn bínú. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń wú ọparun tó dára, ó ń lo ọdún kó tó gbẹ, owó rẹ̀ sì ju agbára ọmọ iléèwé lọ. Láti 2002 ni ìjọba Jàpáàn ti ní kí gbogbo ọmọ iléèwé gírámà kékeré kọ́ ohun èlò ìbílẹ̀ kan, ó kéré tán. Bí ike ni yóò bá fi fèrè yìí lé wọn lọ́wọ́, kí ike máa bọ̀. Àwọn tó bá fẹ́ràn rẹ̀ yóò wá ọparun kiri fúnra wọn.

Ẹ wá *Tsuru no Sugomori* tí Yamaguchi fọn yẹn, kí ẹ jókòó gbọ́ ọ tán.