Saturn tí Goya Kùn Sára Ògiri Ilé Rẹ̀

Kò sí ọba tó gbé iṣẹ́ náà fún un, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó san kọ́bọ̀ lé e lórí. Francisco Goya, tó ti jẹ́ ayàwòrán ààfin ọba Sípéènì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló dédé fi ọ̀dà olóróró kun òrìṣà Saturn sára ògiri ilé ara rẹ̀, láàárín ọdún 1820 sí 1823.

Ọdún 1819 ló ra ilé náà lẹ́yìn ìlú Madrid, nítòsí odò Manzanares. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Àìsàn kan ti di í létí pa láti nǹkan bí ọdún 1793. Òmíràn tún dá a wó lọ́dún tó ra ilé yìí, dókítà Arrieta ló gbà á sílẹ̀. Ìlú pàápàá kò fararọ. Ogun Napoleon ti kọjá, ṣùgbọ́n ọba Ferdinand VII tó padà sórí oyè lọ́dún 1814 ti fagi lé òfin ìpìlẹ̀ ìlú, ó sì ń ṣe inúnibíni sí àwọn tó ń bèèrè òmìnira.

Ìtàn àwọn ará Róòmù ni pé wọ́n kìlọ̀ fún Saturn pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni yóò gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá ń jẹ wọ́n bí wọ́n ti ń dáyé. Rubens ti ya ìtàn yìí lọ́dún 1636: arúgbó kan ń fi eyín ya ọmọ jòjòló láyà. Goya kò gba ibẹ̀. Òkú àgbàlagbà ló wà lọ́wọ́ Saturn tirẹ̀. Orí ti lọ, apá kan há sí i lẹ́nu, ìka rẹ̀ sì wọ ẹran ẹ̀yìn òkú náà bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ já a gbà. Ojú rẹ̀ yọ kalẹ̀. Ẹni tó ń pa ọmọ nítorí oyè, ẹ̀rù ló ń ba òun náà.

Lọ́dún 1823, Goya fi ilé náà fún ọmọ ọmọ rẹ̀, Mariano. Ó lọ sí Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1828. Kò sọ àwòrán náà lórúkọ; àwọn ẹlòmíràn ló pè é ní Saturn.

Lọ́dún 1873, oníbáǹkì kan, Baron Émile d'Erlanger, ra ilé náà pẹ̀lú àwòrán mẹ́rìnlá tí Goya yà sára ògiri rẹ̀, Saturn náà wà lára wọn. Ó gbé iṣẹ́ fún Salvador Martínez Cubells pé kó ṣí wọn kúrò, kó lẹ̀ wọ́n mọ́ kánfáàsì. Ọ̀dà bó dànù níbi kan, Cubells sì tún un kùn. Fọ́tò tí J. Laurent yà nínú ilé náà ló jẹ́ ká mọ ohun tó yí padà. Wọ́n pàtẹ wọn ní Paris lọ́dún 1878, Baron sì fi wọ́n ta Sípéènì lọ́rẹ lọ́dún 1881. Mùsíọ́ọ̀mù Prado ní Madrid ni wọ́n wà títí dòní.

Ẹni tó bá dúró níwájú Saturn lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni méjì ló ń wò. Àmọ́ èrò inú rẹ̀, ti Goya ni. Ọba wo ni ì bá sanwó kí wọ́n ya ìbẹ̀rù ọba báyìí? Ògiri ẹni nìkan lèèyàn ti lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Goya sì sọ ọ́.