Ẹ Ka Eyín Gíà Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń fi mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó ẹrù gba inú ẹrẹ̀, ẹ gbọ́. Bí gíà dífárẹ́ńṣà bá jẹ, ẹ má tìtorí ọ̀pọ̀ ra èyíkéyìí. Ìbejì ni gíà ńlá àti kékeré inú rẹ̀. A kì í yà wọ́n rà. Ẹ ka eyín wọn, kí ẹ ṣe ìṣirò tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi: 41 tí a fi 10 pín, 4.1 ni. Iye yìí gbọ́dọ̀ dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 4.1, tí èkejì jẹ́ 4.3, táyà iwájú àti tẹ̀yìn yóò máa bá ara wọn jà lójú títì líle, gíà mìíràn yóò fọ́, tòmátò yín yóò sì jẹrà lọ́nà. Níkẹyìn, kí mẹkáníìkì fi ọ̀dà pa eyín gíà ńlá, kí ó yí i wò: bí ojú ibi tí eyín ti kanra bá bọ́ sí àárín, ó jókòó dáadáa.