Ẹbí Kì Í Dípò Ìwé Àdéhùn

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí ń gba àwọn agbanisíṣẹ́ nímọ̀ràn, èyí tí mò ń ṣe, kò yàtọ̀ sí i. Kí ìjà tó dé ni mo fẹ́ kí wọ́n pè mí, kì í ṣe ìgbà tí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá ti délé.

Ní Etíkan, létí òkun Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń gba ẹni tí yóò bá wọn yan ẹja, tí yóò ta epo fún àwọn ọlọ́kọ̀, tàbí tí yóò ṣọ́ ìsọ̀. Wọ́n á ní, "Ọmọ wa ni."

Jẹ́ kí ẹ̀rọ amúnáwá bọ́ sómi lọ́wọ́ ọmọ náà ná. Ṣé kí ọ̀gá yọ iye rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀? Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà kí ó dédé yọ ọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí tí ó ṣe àìbìkítà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ohun tí a ó yọ lóṣù kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ.

Òfin yìí kan náà ní kí a fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́ àti owó rẹ̀ kí oṣù 3 tó pé. Ẹni tí ó bá ti lo ọdún 5, ìkìlọ̀ oṣù 1 ló tọ́ sí i kí a tó dá a dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin ìyá àti bàbá: òfin náà kò ka ará ilé agbanisíṣẹ́ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń dáàbò bò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó fi ọdún 6 ṣọ́ ìsọ̀ yín lè má rí ohunkóhun dì mú níbẹ̀. Àdéhùn tí ẹ bá jọ fọwọ́ sí ni yóò jẹ́rìí fún un, tí yóò sì jẹ́rìí fún ẹ̀yin náà.

Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bí ó bá wù yín. Ẹ kọ owó, àkókò iṣẹ́, ìsinmi, àti bí ẹ ó ṣe túká. Ẹ kà á sókè, kí oníkálukú mú ẹ̀dà kan. Ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ irú aáwọ̀ báyìí ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́, ọ̀nà sì jìn. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ká má tíì sọ ti ẹbí.