Ọmọ Ń Bì: Ṣé Ọyàn Ìyá Ẹ̀ Ló Korò?

L'Óṣogbo, bí ọmọ ọwọ́ bá ń mu ọyàn tó ń bì í, àwọn kan á ní: “Ọyàn ìyá ẹ̀ ló korò, ẹ gbà á lẹ́nu ẹ̀!” Ẹ̀yin ìyá, ẹ má gbà o!

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bì tó ń sanra. Á lọ fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan. Àmọ́ fún àwọn díẹ̀, mílíìkì màlúù tí ìyá jẹ ló ń gba inú ọyàn yọ wọ́n lẹ́nu. Bí dókítà bá fura sí i, kí ìyá sinmi wàrà, mílíìkì agolo àti yógọ́ọ̀tì fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ẹja wẹ́wẹ́ teegun-teegun ni kó máa jẹ. Bí ara ọmọ bá balẹ̀, kó tún tọ́ mílíìkì wò: bí èébì bá padà, ọwọ́ ti ba olè!

Ìwọ̀n ló ń tú àṣírí ewu. Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild, Iléṣà, láyé 1950, ló dá káàdì ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tó fi káyé. Bí ọmọ ò bá wúwo sí i, tó ń bi nǹkan aláwọ̀ ewé, tàbí tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ọsibítù yá! Ṣùgbọ́n ẹ má gbọmú lẹ́nu ẹ̀ o.