Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ẹ̀kọ́ Ọmọdé Nínú Iṣẹ́ Ojoojúmọ́

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ nìkan. Ìmọ̀ tí ọmọ ń gbé lọ sí ilé ìwé, ilé ni ó ti yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ. Èmi tí mo ń kọ èyí kò ní ẹnu láti bá òbí kankan wí, nítorí ọwọ́ èmi náà kò mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Ní àkókò ìsinmi kan, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìlaròó. Màmá ń pọ́n ẹ̀kọ lọ́wọ́. Ó ní kí ọmọ náà ka ẹ̀kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú abọ́ fún oníbàárà kan. Ọmọ dúró, ó ń wo ẹnu mi. Ó wá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé mélòó ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Màmá kò wo ọmọ; èmi ni ó wò. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ọmọ ta ni ò ń kọ́ ní Yorùbá ní yunifásítì?" Oníbàárà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín rín.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi àti ìyá ọmọ náà ni a lé e kúrò nídìí ààrò. Bí ó bá súnmọ́ ìkòkò, a ó ní kí ó lọ kàwé. A kò mọ̀ pé ìwé tí a ní kí ó lọ kà wà nídìí ààrò náà.

Ìṣirò nínú ẹ̀kọ àti ayò

Ẹ wo òǹkà wa. Láti orí mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, a ń fi kún ẹ̀wá ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ó yíjú sí ogún, a ó sì máa yọ kúrò lára rẹ̀: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ogún tí ó dín márùn-ún, mẹ́rìndínlógún ni ogún tí ó dín mẹ́rin. Ogójì ni ogún méjì. Ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta. Àádọ́ta ni ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá. Ọmọ tí ó bá ka ẹ̀kọ dé orí ọgọ́ta, tí a sì tú òǹkà náà yé e, ti ṣe ìròpọ̀, ìyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ kí olùkọ́ tó mú ẹfun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọ́n ayò. Ihò méjìlá ni ó wà lójú rẹ̀, mẹ́fà níhà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin ni ó ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí yóò ta á gbọ́dọ̀ mọ iye ọmọ tí ó fẹ́ kó, kí ó sì mọ ibi tí èyí tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí. Ojú ni ọ̀ta fi ń kà á.

Ọjà ọrọọrún náà ń kọ́ni. Bí a bá ná ọjà lónìí, a ó ní ọjọ́ karùn-ún ni a ó tún ná an, nítorí a máa ń ka òní pàápàá mọ́ ọn. Ọmọ tí ó fi ọ̀nà ilé ìwé kà á yóò ní ọjọ́ mẹ́rin ni. Ìyá àgbà yóò ní márùn-ún ni. Kò sí ẹni tí ó ṣì í nínú wọn. Kí òbí jókòó, kí ó fi ìka ọwọ́ tú u fún ọmọ.

Sáyẹ́ǹsì ní ẹ̀yìnkùlé

Ní ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, kò sí ọmọ tí kò mọ gaàrí. Bí a bá ti bẹ ẹ̀gẹ́, tí a fọ̀ ọ́, tí a rin ín, a kì í yan án lójú ẹsẹ̀. A ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e, omi rẹ̀ yóò máa ro jáde fún ọjọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi kan. Ọmọ yóò béèrè pé, "Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ kò yan án lónìí?" Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Kí a má ṣe ní kí ó pa ẹnu mọ́. Kí a sọ fún un pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá èyí tí ó korò. Rírin, kíkan, fífún àti iná ni ó ń lé oró náà lọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi jẹ́ kí ewúrẹ́ mu omi rẹ̀. Nígbà tí a bá sì ń fi kọ́ńgò wọn gaàrí fún oníbàárà, tí a fi èènì lé e, ọmọ ti kọ́ ìwọ̀n, ó ti kọ́ ìwà.

Ẹ̀rí láti Ifẹ̀

Ẹni tí ó bá rò pé Yorùbá ń di ọmọ lọ́wọ́, kí ó rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn kejì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹlẹ̀.

Síbẹ̀, òfin ń yí padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ó fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti jéléósinmi dé yunifásítì. Bí ilé ìwé bá ti gbé e sílẹ̀, ibo ni ó kù tí ọmọ yóò ti rí i, bí kò ṣe ilé?

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò ní kí a gbé igbá lé ọmọ lórí kí ó máa kiri nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Iṣẹ́ tí ń kọ́ni yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ń pani. Kí a pa ọ̀bẹ mímú àti omi gbígbóná mọ́ fún àgbà. Ohun tí ó sọ iṣẹ́ di ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a ń bá ọmọ sọ nídìí rẹ̀: kí a dárúkọ nǹkan fún un, kí a bi í léèrè, kí a sì ní sùúrù fún èsì. Bí alẹ́ bá lẹ́, kí a pa àlọ́ kan tàbí méjì.

A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ìlaròó. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí a padà, ọmọ mi ń kó ọmọ ayò sínú ọpọ́n. Ó kà á tán, ó ní, "Ìyá àgbà, méjìdínláàádọ́ta ni. Ṣé nítorí ó ku méjì kó pé àádọ́ta ni?" Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò wo ojú mi lọ́jọ́ náà. Àánú mi ni ó ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, kékeré ni a ti ń pa ẹẹ́kan ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ padà sí ìdí ààrò.