MM2 kọ́ ni Terminal 2 o: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé èrò lọ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ẹ fetí sí èyí

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Oníbàárà á pe awakọ̀ lórí fóònù, á ní, "Ẹ wá gbé mi ní Terminal 2, aago méjìlá ni bàálù wa máa balẹ̀." Bí awakọ̀ bá ti gbọ́ "two," ọ̀nà MM2 ló máa gbà. Aago méjìlá á lù, á kọjá, kò ní í rí ẹnì kankan. Oníbàárà ti dúró síbòmíì pẹ̀lú ẹrù, inú ń bí i. Kí awakọ̀ tó yí padà, kó tún to sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, epo ti jó, àkókò ti lọ, oníbàárà yẹn sì lè má pè é mọ́ láéláé.

Ẹ má tíì dá awakọ̀ lẹ́bi. Orúkọ ló jọra. Orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n pa lọ́dún 1976, ni gbogbo pápákọ̀ náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n ilé tó wà nínú ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ilé àwọn tó ń lọ sókè òkun, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1979, ni Terminal 1. Lọ́dún 2000, iná jó ilé tàwọn tó ń rìnrìn-àjò láàárín Nàìjíríà ń lò. Iléeṣẹ́ aládàáni kan, Bi-Courtney, kọ́ òmíràn síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2007. Òun ni MM2. Ilé abẹ́lé mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní GAT, táwọn kan ń pè ní MM1. Nígbà tó wá di oṣù kẹta, ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé tuntun fáwọn tó ń lọ sókè òkun. Ìyẹn ni wọ́n pè ní Terminal 2.

Ẹ ò rí i pé "two" ti di méjì: ọ̀kan tilé, ọ̀kan tòkèèrè. Ẹni tó ń wakọ̀ ò ráyè dúró ka pátákó níwájú oríta, torí ọkọ̀ ẹ̀yìn ti ń fọn fèrè. Bó bá ṣì yà, àfi kó lọ yí po.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó dá owó lé iṣẹ́, ẹ bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé Nàìjíríà níbí ni bàálù ti ń bọ̀ àbí òkè òkun? Bàálù iléeṣẹ́ wo ni, ilé wo ni wọ́n sì kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì? Ṣé ẹ ń lọ ni, àbí ẹ ń dé? Departure lẹni tó ń lọ, Arrival lẹni tó ń dé. Ẹ ní kó fi ìdáhùn ránṣẹ́ lórí fóònù, kó má di àríyànjiyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi ọjà ránṣẹ́, ilé ẹrù yàtọ̀ sí ilé èrò. Ẹ béèrè ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó máa gbé e, kẹ́ja tútù má baà bàjẹ́ sínú ọkọ̀.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè ò sì jó epo.